Mo Gbọ́ Òórùn Òjò

Ọ̀rọ̀ rere ni ìfọwọ́sowọ́pọ̀ tẹ́lẹ̀. Òun ni àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó kọ́kọ́ dé Jos fi kọ́lé, òun ni wọ́n fi rán ọmọ ara wọn níwèé. Lónìí, tí o bá gbọ́ ọ lẹ́nu tíṣà, di àpò rẹ mú, kí o sì di ọmọ rẹ mú. Kọpuréṣọ̀n ni wọ́n ń pè é nílé-ìwé. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí òbí sanwó, kí tíṣà dúró nídìí pátákó lọ́jọ́ ìdánwò, kí ó máa kọ ìdáhùn, kí ọmọ máa dà á kọ. Ọ̀sán gangan ni wọ́n ń ṣe é. Wọ́n tún máa ń gbàdúrà sí i kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n fi jí nílé Ebenezer Akínladé láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan tí ẹ̀ẹ̀rùn ń kógbá sílé. Rhoda ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí àpótí, ó ń bó ànàmọ́ Áírìṣì sínú abọ́ omi. Ìbínú ni ó fi ń bó o, ara rẹ̀ ń bá èèpo lọ. Ebenezer dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó ti wọ súwẹ́tà, ó ti di àpò bàtà gwanjo, bàtà àlòkù, tó fẹ́ kó lọ tà ní ọjà Terminus, ṣùgbọ́n kò lọ.

"Ìyá Ìbílọlá," ó ní, "kí ló wà nínú ìkúnlẹ̀ gan-an? Ṣebí Yorùbá ni wá. Ṣebí ọmọ yẹn kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀ yìí."

"Ìkíni nìyẹn."

"Orúnkún kan náà ni."

"Orúnkún kan náà ni, ohun tí ẹnu ń sọ ni kò rí bákan náà. Nígbà tó kúnlẹ̀ kí yín, ó ní ẹ káàárọ̀, sà. Èyí tí wọ́n fẹ́ kó lọ kúnlẹ̀ sọ lórí pápá ńkọ́? Pé olè ni òun. Pé ìyá òun ló kọ ìwé tí òun fi ṣèdánwò. Bàbá Ìbílọlá, èmi ò kọ nǹkan kan fún ọmọ."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ nìyí. Ìbílọlá, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn. Nínú ìdánwò ìmúrasílẹ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú wáẹ́kì, wọ́n ní kí àwọn ọmọ kọ àròkọ lédè Gẹ̀ẹ́sì nípa ọjọ́ kan tí wọn ò lè gbàgbé. Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì wọn, Ọ̀gbẹ́ni Ọláníran, fún Ìbílọlá ní òdo. Ó ní àròkọ náà ti dára jù fún ọmọ. Ó ní nílé ni ìyá rẹ̀ ti kọ ọ́, tí ọmọ wá há a sórí. Rhoda ń ṣe lẹ́sìnnì Gẹ̀ẹ́sì ní pálọ̀ rẹ̀ lóòótọ́, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀. Màdáámù Ọláṣùmbọ̀ tó ni ilé-ìwé wá pàṣẹ pé kí ọjọ́ Ẹtì yìí tó ṣú, kí Ìbílọlá kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ọmọ ilé-ìwé, kí ó jẹ́wọ́, tàbí kí ó má kọ wáẹ́kì níbẹ̀ mọ́.

Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ìbílọlá ló dìde ní kíláàsì, tó ní òun kò ṣe kọpuréṣọ̀n, pé òun á fọwọ́ ara òun kọ tòun. Àwọn méjì tí wọ́n jọ ń gba lẹ́sìnnì náà dìde tẹ̀ lé e. Ìyẹn ló ń dun Màdáámù, kì í ṣe àròkọ.

"Sannunku o! Ẹ káàárọ̀ nínú ilé yìí." Hàbíbátù ló wọlé, aládùúgbò wọn tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tiwọn, tó ń ta kunu, ohun mímu tí wọ́n fi ọkà ṣe. Ó gbé abọ́ kunu kan lọ́wọ́. Ọmọ rẹ̀, Kabirat, àti Ìbílọlá jọ wà ní kíláàsì kan náà. "Mò ń gbọ́ ohùn yín láti ọ̀dọ̀ mi. Rhoda, ẹ jẹ́ kí ọmọ kúnlẹ̀ kó dìde, haba! Kabirat tèmi ti san tirẹ̀. Ta ni kò san? Ọmọ pásítọ̀ san, ọmọ álífáà san."

"Ṣé o gbọ́?" Ebenezer sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Gbogbo ayé ló ń ṣe é."

"A kì í torí pé a fẹ́ jẹran ká máa pe màlúù ní bọ̀ọ̀dá," Rhoda dáhùn.

Hàbíbátù rẹ́rìn-ín kó tó rántí pé òun kọ́ ló yẹ kó rẹ́rìn-ín. Rhoda yíjú sí i. "Ìyá Kabirat, ẹ jọ̀ọ́, ìwé tí ẹ sanwó fún yẹn, ṣé Kabirat mọ̀ ọ́n?"

Hàbíbátù da ṣúgà sínú kunu. Ó ń rò ó, ó ń rò ó, títí ṣúgà fi yọ́ tán tó tún ń rò ó. 

Ìbílọlá jáde láti inú yàrá. Ó ti wọ aṣọ ilé-ìwé. Bí inú bá ń bí ọmọ yìí, Hausa ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu, bíi ti ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí sí Jos. "Dádì, ba zan durƙusa ba."

"Yorùbá ni kó o fi bá mi sọ̀rọ̀!"

"Mi ò ní kúnlẹ̀, sà. Mi ò jí nǹkan kan."

"Ta ló ní o jí nǹkan? Sọ ọ́ lásán, kó o lè rí ìdánwò kọ. Ọjọ́ tó o bá di nọ́ọ̀sì, ta ló máa rántí?"

"Èmi ni, sà."

Ebenezer gbé àpò bàtà rẹ̀ jù sílẹ̀. "Ẹ gbọ́, ẹ̀yin méjèèjì. Mi ò fi gbogbo ọjọ́ ayé mi jẹ eruku Terminus kí ọmọ mi tún lè wá jókòó tì mí níbẹ̀ láti máa jẹ ẹ́. Màá bá yín lọ síbẹ̀ lónìí. Màá dọ̀bálẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́, ọmọ yìí náà á sì kúnlẹ̀."

Ó dun Rhoda dé egungun, nítorí ó mọ̀ pé kì í ṣe ìwà burúkú ni ọkọ òun ń hù. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó nu ún. "Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀..." ó ní, kò sì parí òwe náà. Ọkọ rẹ̀ mọ ìyókù. Áírìṣì kù sínú omi, kò sẹ́ni tó sè é.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta há sẹ́yìn kèkè ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan lọ sílé-ìwé. Awakọ̀ ń fi Hausa ráhùn nípa ooru, pé òjò ọdún yìí ti pẹ́ jù. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ní kí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta ọ́fíìsì. Ebenezer ń rìn lọ rìn bọ̀ lábẹ́ igi. Ìbílọlá ń wò ó. Nínú lẹ́sìnnì Rhoda, tí wọ́n bá ka ìtàn kan tán, ìbéèrè tó máa ń bi àwọn ọmọ nípa ẹni inú ìtàn náà ni pé kí ló sọ, kí ló fẹ́, kí ni kò sọ. Ó máa ń ní èyí tó kẹ́yìn yẹn ni ìwé kíkà gan-an, pé ẹni tí kò bá lè dáhùn rẹ̀, ojú lásán ló fi ń ka ìwé.

"Mọ́mì," Ìbílọlá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "kí ni Dádì kò sọ?"

"Pé òun náà fẹ́ kàwé," Rhoda ní. "Dákẹ́, wọ́n ń pè wá."

Nínú ọ́fíìsì, Ìbílọlá kúnlẹ̀ kí Màdáámù, ó kúnlẹ̀ kí Ọ̀gbẹ́ni Ọláníran, ó dìde. Màdáámù Ọláṣùmbọ̀ jẹ́ obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń gé ni lọ́rùn. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o. Ìbílọlá, o kúkú mọ ìkúnlẹ̀ ṣe. Ó ku kó o ṣe é níta."

Ebenezer tẹrí ba. "Mà, ẹ má bínú. Ọmọ ni."

"Inú ò bí mi, Bàbá Ìbílọlá. Orúkọ ilé-ìwé mi ni mò ń ṣọ́."

Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń ṣọ́ o, ẹ̀yin èèyàn!

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," Rhoda ní, "kí ó tó kúnlẹ̀, ẹ jẹ́ ká rí àròkọ náà. A ò tíì fojú kàn án."

Ọ̀gbẹ́ni Ọláníran fajú ro. Kì í ṣe òpè rárá. Ọkùnrin náà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ó sì mọ̀ ọ́n kọ́, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dun ni jù. "Kí lẹ fẹ́ wò níbẹ̀ tí ẹ kò mọ̀?"

"Tó bá jẹ́ èmi ni mo kọ ọ́, sà, ẹ jẹ́ kí n rí iṣẹ́ ọwọ́ mi."

Ó fa dúrọ́à, ó mú ìwé náà jáde. Rhoda kà á lójú ẹsẹ̀ níbẹ̀, lórí ìdúró. Nígbà tó dé àárín ojú ewé àkọ́kọ́, ó dúró, ó pa dà sẹ́yìn, ó tún un kà. Ó gbójú sókè wo ọkọ rẹ̀ bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé rẹ̀. Ó dá ìwé pa dà fún Ọ̀gbẹ́ni Ọláníran.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ibi tí ẹ fi bírò pupa yí ká yìí."

Ó kà á. "I heard the smell of rain."

"Kí ló dé tí ẹ fi yí i ká?"

"Àṣìṣe ni. Òyìnbó kì í gbọ́ òórùn. Smelt ló yẹ kó kọ."

Bẹ́ẹ̀ ni. Yorùbá ń gbọ́ òórùn. Hausa náà ń gbọ́ ọ, na ji ni wọ́n ń wí, bóyá ariwo ni o tàbí ọbẹ̀ tó ń jóná. Ọmọ Jos tó bá gbọ́ èdè méjèèjì yìí, níbo ni yóò ti wá mọ̀ pé Òyìnbó ti yọ etí kúrò nínú ọ̀ràn òórùn? Kò sí àṣìṣe tí Rhoda tíì fi bírò pa rẹ́ tó èyí nínú ìwé àwọn ọmọ lẹ́sìnnì.

"Ẹ ṣeun, sà," ó ní. "Èmi tí mo ń pa á rẹ́ lójoojúmọ́, ṣé èmi náà ni mo kọ ọ́ síbẹ̀?"

 Ọ̀gbẹ́ni Ọláníran wo ìwé náà, ó wo Màdáámù, ó tún wo ìwé. Ó wá sọ ọ́, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. "Ẹ lè mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀, kó lè jọ ti ọmọ."

Rhoda rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ò dùn ún gbọ́. "Ó dára, èmi ni mo kọ ọ́. Ó ní àṣìṣe, èmi náà ni. Kí wá ni ọmọ yìí lè kọ, sà, tí ẹ máa gbà pé tirẹ̀ ni?"

"Kó kọ ohun tí gbogbo àwọn yòókù kọ," Màdáámù ní.

Ó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó gbọ́ ohun tó sọ.  Níta, wọ́n ń lu aago pé kí àwọn ọmọ jáde wá tò sórí pápá.

Ebenezer ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ọjà ló gbọ́, èyí tí wọ́n ń kà yìí ti ń kọjá lórí rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. "Sà, ẹ dákun, kí ló wà níbẹ̀? Ẹ bá mi túmọ̀ rẹ̀. Ta ló ń gbọ́ òórùn?"

Ọ̀gbẹ́ni Ọláníran bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀, kò sì fi tayọ̀tayọ̀ ṣe é. "Ó ní, 'Oòrùn mú gan-an ní Terminus lọ́jọ́ náà. Bàbá mi to bàtà sílẹ̀ lórí rọ́bà. Lójijì, ó gbé imú sókè, ó ní, Mo gbọ́ òórùn òjò.'"

Nígbà tó ti sọ ọ́ ní Yorùbá báyìí, àṣìṣe náà pòórá. Kò sí ohun tí bírò pupa lè rí yí ká níbẹ̀ mọ́. Ọ̀gbẹ́ni Ọláníran alára mọ̀ ọ́n lára, ó sì ń bá a lọ.

"'Àwọn aládùúgbò wa ní ọjà fi í ṣe yẹ̀yẹ́, torí kò sí ìkùukùu kankan lójú ọ̀run. Bàbá mi ò dá wọn lóhùn. Ó ń kó bàtà rẹ̀, ó ní kí n di okùn mú. A ò tíì so ó tán tí yìnyín fi bẹ̀rẹ̀ sí í já lulẹ̀. Ọjà àwọn tó rẹ́rìn-ín rin gbingbin. Bàbá mi na rọ́bà sókè, ó ní kí wọ́n wọlé wá sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú wa. Bàbá mi ò ka ìwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń gbọ́ ohun tó ń bọ̀.'"

Ó parí níbẹ̀. Ó tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì.

Ojú Ebenezer ti pọ́n.  Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "O ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà."

"Mo wà ní Vom lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi."

"Mi ò sì sọ fún ọ."

"Ẹ sọ pé yìnyín já. Ẹ ò sọ pé ẹ gbọ́ òórùn kankan."

Ó bi ọmọ rẹ̀. "Ìbílọlá, o rántí gbogbo ìyẹn?"

"Ìyẹn ni ọjọ́ tí mi ò lè gbàgbé, sà," ọmọ náà ní. "Ohun tí wọ́n ní ká kọ nìyẹn."

Ebenezer, tó ti tẹrí ba láti ìgbà tó ti wọlé, na ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́. Ọkùnrin náà ga, ó kàn jẹ́ pé ẹni tó ń tẹ̀ ba bàtà nílẹ̀ láràárọ̀ kì í ráyè ga.

"Mà," ó ní, "gbólóhùn yẹn, èmi ni mo ni ín. Ẹnu mi ló ti jáde ní Terminus, ọmọ mi ló gbé e wá síbí. Kò jí i. Ogún ni. Mo wá síbí láti wá tà á fún yín láàárọ̀ yìí, ẹ forí jì mí. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n mọ́. Ọmọ mi ò ní kúnlẹ̀."

"Kò ní kọ wáẹ́kì níbí nìyẹn," Màdáámù ní. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ẹ ti rò ó re?"

"A ti rò ó. Á bá àwọn tó ń forúkọ sílẹ̀ fúnra wọn láìsí ilé-ìwé kọ ọ́ nígbà tí tiwọn bá tó."

"Ọdún kan gbáko ló máa fi ṣòfò."

"Òfò wo ló tún kù, mà?" Rhoda dá a lóhùn. "Ẹ wo àwọn tó tò síta yẹn, tí ẹ ti gbowó wọn tán. Ọdún mélòó ni tiwọn?"

Ó na ọwọ́ sí ìwé ọmọ rẹ̀. Màdáámù ní ohun ìní ilé-ìwé ni. Ọ̀gbẹ́ni Ọláníran mú ìwé náà lórí tábìlì, ó fi lé Rhoda lọ́wọ́. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni, kò sì sọ ohunkóhun. Ìbílọlá rántí ìbéèrè lẹ́sìnnì, ó sì mọ ohun tí ọkùnrin náà kò sọ. Kò torí ìyẹn dárí jì í ṣá.

Kí wọ́n tó jáde, ọmọ náà kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì. "Ó dàbọ̀, mà. Ó dàbọ̀, sà." Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀.

"Ṣé o ò wá lè ṣe bẹ́ẹ̀ níta ni?" Màdáámù bi í.

"Ìkíni nìyẹn, mà," Ebenezer dáhùn fún un.

Wọ́n gba àárín pápá kọjá. Gbogbo ọmọ ilé-ìwé ti tò, wọ́n ń retí ẹni tó máa wá kúnlẹ̀. Kabirat wà ní ìlà iwájú, ó ń wo bàtà ara rẹ̀. Ìbílọlá rọra ń rìn láàárín bàbá àti ìyá rẹ̀, ó gbé orí sókè títí wọ́n fi jáde ní géètì.

Ilé ló ti sunkún. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín, ọmọ náà sunkún gan-an. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì lọ́dún yìí, òun á sì máa wò wọ́n. Rhoda jẹ́ kó sun ún tẹ́rùn, kò sọ fún un pé kó má sunkún. Ó din Áírìṣì àárọ̀, ó sì fi ata tó ta dáadáa sí i kí ó lè rí nǹkan tó máa di ẹ̀bi ẹkún náà rù. Títí ọ̀sán fi pọ́n, ọ̀rọ̀ ń lọ ní àgbàlá. Àwọn kan ní ìgbéraga ni. Obìnrin kan tó ń sá aṣọ ní òun ò mọ ìwé ṣùgbọ́n òun mọ̀ pé òtòṣì kì í ṣe agídí. Ebenezer gbọ́ ọ, torí kò lọ sí Terminus mọ́ lọ́jọ́ náà. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń jẹ Áírìṣì, ó ní kí ìyàwó òun tún bu sí i.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ọmọ lẹ́sìnnì kan ṣoṣo ló wá nínú àwọn méjì tó kù. Ìyá èkejì ti ránṣẹ́ pé ó tó gẹ́ẹ́. Rhoda gbé pátákó rẹ̀ ti ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé pálọ̀ kún. Ìbílọlá fọ ojú rẹ̀, ó wá jókòó.

Ìlẹ̀kùn ṣí. Hàbíbátù ló tún dé, ó fa Kabirat lọ́wọ́ wọlé.

"Rhoda, má bi mí léèrè kankan," ó ní. "Mo ní kó ka ìwé ìròyìn tí mo fi wé àkàrà kosai fún mi lónìí. Ọmọ mi ò lè kà á délẹ̀. Mo ti ra ìdáhùn fún ẹni tí kò lè ka ìbéèrè, wallahi. Gbà á."

"Kabirat," Rhoda ní, "jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìbílọlá."

Ìbílọlá sún. Kò rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n ó sún, ó sì ṣí ìwé sí àárín wọn.

Wọ́n ti ń kàwé lọ díẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ tutù kan gba ojú fèrèsé wọlé. Ebenezer dìde lẹ́nu ọ̀nà, abọ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ó gbé imú sókè.

"Mo gbọ́ òórùn òjò," ó ní.

Àwọn ọmọ wo ojú ọ̀run. Kò sí ìkùukùu kankan níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Kabirat yíjú sí pátákó, ó rọra béèrè pé, "Mọ́mì Ìbílọlá, báwo la ṣe máa kọ ìyẹn ní Gẹ̀ẹ́sì?"

Rhoda gbé ṣọ́ọ̀kì sókè. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo Ìbílọlá.

"Lọ́jọ́ ìdánwò, ẹ kọ smelt," ó ní. "Èmi náà gbọ́ ọ. Ẹ dìde, ẹ lọ kó aṣọ wọlé, kí ẹ bá obìnrin tó ń sá aṣọ lọ́sàn-án yẹn kó tirẹ̀ náà."